Mọ́mì Ti Gun Àkàbà Yín

Dádì mi, ọ̀gá oníná,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà pé wọn kì í mú iná lọ níbi tí ẹ wà, nítorí náà ẹ ó ríran ka lẹ́tà yìí dáadáa. Ẹ wá ibì kan jókòó sí. Mi ò wá kí yín lásán, ẹjọ́ ni mo gbé wá. Ìyàwó yín ni mo fẹ́ fi sùn.

Mọ́mì ti di oníná.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Aránṣọ yín yẹn ni mò ń wí, ẹni tó jẹ́ pé bí òjò bá ṣú ní Ifẹ̀, wọ́n á ti sáré yọ rédíò kúrò lára iná nílé wa ní Ẹgbẹ́dá. Wọ́n ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, wọ́n da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, wọ́n gbé báàgì iṣẹ́ yín kọ́ èjìká, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà. Ó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀ báyìí. Wọ́n ní òkìríkà ni gbogbo ayé ń wọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé aṣọ wá fún àwọn mọ́. Wọ́n tún ní ojú àwọn kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n wáyà tóbi ju òwú lọ, àwọn ṣì ń rí ìyẹn. Ṣé ohun tó ń sọ ènìyàn di oníná nìyẹn, Dádì? Kó máà lè rí ihò abẹ́rẹ́?

Ta ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún yín? Ẹ dáhùn. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún méje, gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run dá, ta ló máa ń jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà yín pẹ̀lú wáyà lọ́rùn bíi ìlẹ̀kẹ̀ olorì? Gbogbo àjà ilé tó wà láti Alákíà dé oko tó kẹ́yìn ní Ọ̀nà-Àrá, èmi yìí ti wọ̀ ọ́. Eruku tí mo ti fà símú tó ohun tí wọ́n fi ń mọ ilé oníyàrá márùn-ún. Ẹ ó ti orí bọ inú àjà, ẹ ó ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ ó wá bi mí pé, Tẹ́sítà, èwo ni pupa níbẹ̀? Màá nawọ́ sí i. Ẹ ó ní mo káre. Ẹ̀yin lẹ fún mi lórúkọ yẹn. Ẹ ní tẹ́sítà tó wà nínú báàgì, èyí tí ẹ fi ń wò bóyá iná wà lára wáyà, kò wúlò nígbà tí iná kò bá sí, iná kì í sì í sí, nítorí náà èmi ni tẹ́sítà gidi.

Nígbà tí ara yín kọ̀ lọ́sẹ̀ kan péré, tí ẹ sì fi wá sílẹ̀, mo sunkún débi pé àwọn ará àdúgbò ò pọn omi lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìgbà náà mo sọ fún Mọ́mì pé kí wọ́n jẹ́ kí n gba iṣẹ́ yín ṣe. Wọ́n ní rárá, kí n kàwé mi tán ná. Mo gbà. Mo rò pé báàgì yín á máa dúró dè mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò kúkú ní ibi tó ń lọ. Àfi bí mo ṣe dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kan tí mo bá Mọ́mì lórí àga, tí wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ yín sórí ẹsẹ̀, tí wọ́n ń fi òróró nu púláyà yín bí ẹni ń fi òrí ra ọmọ lára.

Ẹ dákun, ẹ má bínú, mo jí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n wọlé lọ bomi, mo yọ tẹ́sítà yín kúrò nínú báàgì, èyí tí ẹ máa ń rún ìdí rẹ̀ lẹ́nu bíi pákò. Mo fi sínú ìrọ̀rí mi. Àpá eyín yín ṣì wà lára rẹ̀. Mọ́mì wá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tú báàgì náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì wò mí. Wọ́n ra òmíràn.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó burú jù. Ẹ mọ ọ̀gá wọn? Múfú. Múfú yín tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, tó sunkún lẹ́yìn ilé wa lọ́jọ́ tí ẹ ní kó gbẹ́ ògiri sìmẹ́ǹtì, tí Mọ́mì fi ẹ̀bà tù ú nínú. Bọ̀ọ̀dá Múfú ni mò ń pè é lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbí. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ báyìí. Ẹ wá wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rín á tún pa yín sí èyí tó ti pa yín. Kò lè pàṣẹ fún Mọ́mì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣe kó má pàṣẹ.

Á ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ bá mi gbẹ́ ògiri yìí.”

Mọ́mì á tẹ orúnkún díẹ̀. “Ó ti yé mi, ọ̀gá.”

Ọ̀gá. Múfú. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo jáde lọ bínú lábẹ́ igi máńgòrò.

Àwọn ènìyàn náà ò ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ Oníná ni wọ́n ń pè mí tẹ́lẹ̀ láti ìta wa dé ibùdó ọkọ̀. Ní báyìí, bí mo bá ń kọjá, Ìyá Oníná ńkọ́ ni, sọ fún wọn pé gílóòbù wa ò tàn. Wọ́n á máa yìn wọ́n pé obìnrin bí ọkùnrin. Èmi tí mo ti ń gun àkàbà láti kékeré, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní ohunkóhun. Ọwọ́ Mọ́mì tó máa ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń le bíi tiyín, wáyà ti ya àtàǹpàkò wọn níbi tó ti ya tiyín gan-an. Bí wọ́n bá wọlé nírọ̀lẹ́, òórùn àjà ilé àti òórùn rọ́bà ni wọ́n ń gbé wọlé, òórùn yín. Mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé mo ń jowú òórùn? Tèmi ni òórùn yẹn. Mọ́mì ti ní fọ́tò ìgbéyàwó, wọ́n ní orúkọ yín. Kí ni wọ́n tún ń wá nínú báàgì?

Ohun kan ṣoṣo ló ń tù mí nínú, pé ọ̀rọ̀ òwú wà láàárín wa. Mo mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé. Ní gbogbo ilé tí ẹ bá fa wáyà sí, ẹ máa ń so òwú mọ́ èyí tó gbé iná lọ́rùn, ẹ ó wé e lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó ta á ní kókó. Èyí tí kò gbé iná kì í ní òwú. Ẹ ní bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ètè mi á wú bíi ti ẹni tí oyin ta. Mo gbọ́n, mo ti tètè mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é. Gbogbo oníná ló mọ̀ pé pupa ló ń gbé iná, dúdú ni kì í gbé e. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ẹ bá ṣe, bí pupa ṣe gbé iná níbí, dúdú ló máa gbé e lọ́hùn-ún. Mo ní ọgbọ́n Dádì ni, kí oníná mìíràn má baà gba oníbàárà yín. Ẹni tó bá tẹ̀lé àwọ̀ nínú iṣẹ́ yín, ó ti wọ gàù. Múfú tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ yín ò mọ̀, torí pé ẹ ò jẹ́ kó débi àpótí tí wáyà ti ń pàdé. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ni.

Ẹ rántí ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní abúlé lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá, èyí tí ẹ fa wáyà sí nígbà tí mo ṣì ń wọ yúnifọ́ọ̀mù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ibẹ̀ la lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Eku ti jẹ wáyà àjà wọn. Múfú sọ fún Mọ́mì pé iṣẹ́ yẹn ni ìdánwò wọn. Òun kò ní bá wọn gun àkàbà, òun kò ní bá wọn wo ohunkóhun. Tó bá di ọ̀sán, òun á wá tan jẹnẹrétọ̀ ìjọ. Bí gbogbo gílóòbù bá tàn láìsí ohun tó jóná, Mọ́mì á gba fírídọ̀ọ̀mù ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Bí nǹkan bá jóná, ó di oṣù mẹ́fà sí i. Ojú rẹ̀ ń ti ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀.

A wà ní ọlidé, nítorí náà èmi ni mo ru báàgì. Mo mọ ohun tó wà nínú àjà yẹn. Òwú yín wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí Mọ́mì bá so pupa mọ́ pupa bí Múfú ṣe kọ́ wọn, ohun tó máa bú nínú àjà yẹn, àwọn ará Ṣáṣá á gbọ́ ọ. Mo sì di ẹnu mi. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo fẹ́ kó bà jẹ́. Kì í ṣe kó bà jẹ́ púpọ̀ o, kí fíúùsì kan ṣáà jó, kí èéfín díẹ̀ rú, kí Mọ́mì wá yíjú sí mi kí wọ́n bẹ̀ mí pé, ọmọ mi, ìwọ lo mọ iṣẹ́ bàbá rẹ. Mo ti ń ronú irú ojú tí màá fi gbà.

A dé ibẹ̀, bàbá àlàgbà àgbà jáde, wọ́n kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n sì nawọ́ sí bàtà Mọ́mì. Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọ ilé ìjọsìn wọn. Bàtà rọ́bà tí Múfú ti sọ fún Mọ́mì ní ọgọ́rùn-ún ìgbà pé wọn ò gbọ́dọ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní wàhálà ti dé. Mọ́mì ò tilẹ̀ jiyàn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fi jígí ojú wọn sínú ọ̀kan kó má baà yọ̀ bọ́ láti orí àkàbà, wọ́n yí àkàbà igi yín padà, wọ́n wo rọ́bà táyà tí ẹ kàn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n lọ yọ fíúùsì ìjọ, wọ́n fi í sínú àpò ṣòkòtò wọn kí ẹnikẹ́ni má baà sáré dá a padà. Ohun tí ẹ máa ń ṣe gan-an. Inú bí mi. Ta ló fi han wọ́n?

Wọ́n gun òkè. Èmi wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣí àpótí náà, eruku dà sí wa lórí, wáyà mẹ́fà yọ orí jáde bí ọmọ ejò. Mo rí pupa méjì. Mọ́mì fà wọ́n súnmọ́ ara wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ẹ̀kọ́ Múfú lábẹ́ ẹnu, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú.

Mo ní kí n dákẹ́. Mo ka ení, mo ka èjì. Níta, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ti ń rọ epo sínú jẹnẹrétọ̀, mo sì ń gbọ́ ọ̀kadà Múfú tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà oko. Mo gbójú sókè, ẹsẹ̀ Mọ́mì ló wà níwájú mi. Gìgísẹ̀ wọn ti sán. Wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di igi àkàbà mú gírígírí, bí wọ́n ṣe máa ń fi di ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mú bí wọ́n bá ń sáré rán yúnifọ́ọ̀mù mi kí ilé ìwé tó wọlé. Dádì, ìka wọn ò fẹ́ fi igi náà sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹ̀rù iná yẹn ò tíì kúrò lára wọn rárá, wọ́n kàn ń gun àkàbà pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Ẹnu mi ló là fúnra rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ má tẹ̀lé pupa. Ẹ wá òwú.”

Wọ́n dúró. Wọn ò wo ìsàlẹ̀.

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i,” wọ́n ní. “Òwú mi ni.”

Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Wọ́n tún un sọ, pé òwú àwọn ni, òwú líle tí àwọn fi ń rán ìbàdí ṣòkòtò, pé àwọn ló ti ń gé e fún yín kí wọ́n tó bí mi. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí lórí àkàbà tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ àwọn nígbà náà. Àwọn rán yín lọ ra òwú pupa, ẹ ra dúdú bọ̀. Àwọn dá yín padà, ẹ tún ra dúdú bọ̀, ẹ sì fẹ́ bá àwọn jà pé pupa ni. Àwọn kó òwú méjèèjì sórí tábìlì, àwọn ní kí ẹ mú pupa. Ẹ wò wọ́n títí, ẹ sì bú sẹ́kún.

“Bàbá rẹ ò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú,” wọ́n ní. “Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn.”

Wọ́n ní ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ iná sílẹ̀, àwọn ò jẹ́. Àwọn ní bí ojú ò bá mọ̀ ọ́n, kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n, kí ẹ máa so òwú mọ́ èyí tó gbé iná bí ẹ bá ṣe ń fà á. Ìyẹn dára fún ilé tí ẹ ṣe fúnra yín. Fún ilé tí oníná mìíràn ti ṣe, ẹ nílò ojú tó ń rí pupa, ẹ ò sì fẹ́ kí Múfú mọ̀. Nígbà tí mo wá gbọ́n tó láti di tọ́ọ̀ṣì mú, àwọn ló ní kí ẹ máa mú mi lọ.

Dádì, ẹ purọ́ fún mi. Mo fẹ́ kó yé yín pé mo bínú. Ìwọ nìkan, ẹ ní, èmi nìkan ni mo mọ̀, nígbà tó jẹ́ pé Mọ́mì ti mọ̀ kí n tó ní eyín. Àyè tí mo rò pé mo dá gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, Mọ́mì ló fún mi. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ojú ń tì yín ni? Ẹ rò pé màá fi yín ṣe ẹ̀sín? Bóyá màá fi yín ṣe ẹ̀sín lóòótọ́, ẹ mọ̀ mí. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń já ata tí kò tíì pọ́n lẹ́yìnkùlé, tí ẹ ó ní ó ti pọ́n, tí màá máa rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa run mí. Mọ́mì kì í rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n á gba ata náà, wọ́n á lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ó sì jẹ ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé.

Tẹ́sítà, èwo ni pupa níbẹ̀? Mo rò pé ẹ̀ ń dán mi wò ni. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹ kàn ń béèrè ni.

Mọ́mì ló ké sí mi láti òkè. Jígí wọn wà nínú bàtà lẹ́nu ọ̀nà, òwú ti di àwọ̀ èéfín, wọn ò rí èyí tí kókó wà lára rẹ̀ nínú àwọn yòókù.

“Tẹ́sítà, gòkè wá. Ojú mi ò gbé e.”

Wọn ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mí, ó sì dùn mọ́ mi. Mo gba ẹ̀gbẹ́ kejì àkàbà gòkè, imú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbára wọn lókè yẹn. Mo fọwọ́ wá a. Wáyà mẹ́ta ló ní òwú, dúdú méjì, pupa kan. Mò ń nawọ́ sí i, Mọ́mì ń so ó. Wọ́n ń wé e bí ẹni ń ṣẹ́ etí aṣọ, Dádì, ó mọ́ ju tiyín lọ. Mo kórìíra láti kọ ìyẹn.

A sọ̀kalẹ̀, Mọ́mì dá fíúùsì padà, Múfú tan jẹnẹrétọ̀. Gbogbo gílóòbù tàn, fáànù yí, àwọn aláṣọ funfun ń kọ halelúyà bíi pé a jí òkú dìde. Múfú ní òun kò ní wo ohunkóhun, ṣùgbọ́n ó gun òkè, ó tẹjú mọ́ àpótí náà títí, ó wá béèrè pé kí ni òwú wà fún. Mo wo Mọ́mì. Wọ́n ń wọ bàtà wọn.

“Ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù fún mi,” wọ́n ní. “Bí mo bá sọ ọ́, ètè mi á wú.”

Ẹ ti sọ ọ́ fún Mọ́mì náà. Ọ̀rọ̀ kan náà, ètè kan náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún jowú nínú ẹ̀rín yẹn.

Sátidé ni fírídọ̀ọ̀mù. Mọ́mì á kúnlẹ̀ níwájú Múfú, Múfú á kó irinṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, á gbàdúrà fún wọn. Irinṣẹ́ yín ni o, láti ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ yín. Ìlara mi ò tíì tán, ó ṣì ku bíi dúrọ́ọ̀mù méjì. Ṣùgbọ́n mo ti yọ tẹ́sítà yín kúrò nínú ìrọ̀rí. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí mò ń kọ yìí. Màá fi sínú báàgì kí Múfú tó kó o lé wọn lọ́wọ́, kó máà jẹ́ pé irinṣẹ́ yín kò pé lọ́jọ́ náà. Àpá eyín yín ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n á rí i.

Tẹ́sítà yẹn ni mo máa dá padà o. Orúkọ náà, mi ò ní dá a padà fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni, ojú yín tó ń rí pupa,

Tẹ́sítà.